Owó on-call kì í ṣe owó ófátáìmù: ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àpátímẹ́ǹtì ní Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá ń ṣe maintenance (títún ohun tó bàjẹ́ ṣe) ní àpátímẹ́ǹtì ní Amẹ́ríkà á ti gbọ́ ọ lẹ́nu mánéjà rí: "Ṣebí à ń san owó on-call fún ọ." Ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá béèrè owó wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ lóru ni wọ́n máa ń sọ ọ́, bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Kò tíì parí o. 100 tàbí 150 dọ́là tí wọ́n ń fúnni lọ́sẹ̀ tí fóònù iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ ẹni lóru (ohun tí wọ́n ń pè ní on-call nìyẹn), owó ìdúródè ni, tàbí ká kúkú pè é ní owó gbà-má-bínú. Owó iṣẹ́ tí èèyàn dìde lórí ibùsùn lọ ṣe ní aago méjì òru, ọ̀tọ̀ lòun. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò da méjèèjì pọ̀. Àwọn iléeṣẹ́ kan ló ń dà á pọ̀, àwọn mìíràn nítorí àìmọ̀, àwọn mìíràn nítorí pé ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Kò ṣòro láti bá ọmọ Yorùbá pàdé nídìí iṣẹ́ yìí ní Houston tàbí Dallas. Ọwọ́ tó mọ páìpù àti wáyà dì mú ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá gba ìwé ẹ̀rí EPA (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká) tí òfin béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan gáàsì inú ẹ̀rọ amúlétutù, owó wákàtí rẹ̀ a máa gòkè díẹ̀. Ohun tí kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé fún un lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á ni ọ̀rọ̀ fóònù òru yẹn.

Òfin Texas ló fi dandan lé e pé àpátímẹ́ǹtì tó bá ní ọ́fíìsì nínú ọgbà gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní nọ́ńbà kan tí wọn ó máa gbé ní wákàtí 24, fún ìṣòro pàjáwìrì tó lè pa ìlera tàbí ààbò wọn lára. Fóònù kì í gbé ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọgbà ló ń háyà àwọn agbafóònù fún òru, àwọn yẹn á wá pe ẹni tí on-call kàn lọ́sẹ̀ náà. Nídìí iṣẹ́ yìí, wọ́n sábà máa ń ka òṣìṣẹ́ kan sí nǹkan bí 100 ilé. Ọgbà tó ní 300 ilé á ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta, tó túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kan nínú mẹ́ta, ìwọ lo ni òru. Bí ẹnì kan nínú wọn bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ kan nínú méjì.

Ohun tí wọ́n ń pè sí, ẹni tó ṣe é mọ̀ ọ́n. Omi ń kán láti àjà sórí bẹ́ẹ̀dì ayálégbé ìsàlẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kún, òun nìkan ló sì wà nínú ilé. Ẹ̀rọ amúlétutù kú lóṣù August, ọmọ ọwọ́ sì wà nílé. Ẹnì kan ti kọ́kọ́rọ̀ mọ́lé. Ní February 2021, tí òtútù bo gbogbo Texas, tí iná sì lọ fún ọjọ́ mélòó kan, páìpù bẹ́ káàkiri àpátímẹ́ǹtì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ yìí kò sì mọ ìyàtọ̀ ọ̀sán sí òru mọ́.

Òfin tó ń ṣàkóso owó wọn ni Fair Labor Standards Act, tí Ààrẹ Franklin Roosevelt buwọ́ lù ní June 1938. Láti 1940 ni ààlà rẹ̀ ti jẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Wákàtí tó bá lé lórí rẹ̀, owó wákàtí náà pẹ̀lú ìdajì rẹ̀ ni wọn ó san. California ní tirẹ̀ tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí níbẹ̀, ófátáìmù ti bẹ̀rẹ̀ bí èèyàn bá ti kọjá wákàtí 8 lóòjọ́. Texas kò ní òfin ófátáìmù tirẹ̀ fún iléeṣẹ́ aládàáni rárá. Òfin 1938 yẹn ni gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ Houston ní lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìdúródè, torí òun ló ń bí àwọn èèyàn nínú jù. Ẹjọ́ tí àwọn adájọ́ ṣì ń padà sí lórí rẹ̀ wá láti Fort Worth, ní Texas kan náà. Òṣìṣẹ́ méje ní iléeṣẹ́ ẹran Swift ló pe ọ̀gá wọn lẹ́jọ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ ojúmọmọ wọn, wọ́n tún ń sun inú ilé panápaná iléeṣẹ́ náà ní nǹkan bí òru mẹ́ta sí mẹ́rin lọ́sẹ̀, bóyá iná á sọ. Ibẹ̀ tura. Bẹ́ẹ̀dì wà, rédíò wà, tábìlì dómínò wà, ti bọ́ọ̀lù orí tábìlì náà wà. Agogo iná kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dún. Ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ ní kí wọ́n máa lọ, pé ẹni tó ń sùn tó ń ta dómínò kò ṣiṣẹ́ kankan. Ní December 1944, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé ìdájọ́ náà, ó ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. Adájọ́ Robert Jackson kọ ọ́ pé kò sí òfin tó ní ìdúró kò lè jẹ́ iṣẹ́. Ohun tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò ni bóyá ìdúró gan-an ni wọ́n gba èèyàn fún, àbí ńṣe ló kàn ń retí ìgbà tí iṣẹ́ á yọjú. Nínú ẹjọ́ mìíràn tí wọ́n dá lọ́jọ́ yẹn kan náà, ó ní bó bá wu agbanisíṣẹ́, ó lè gba èèyàn láti má ṣe nǹkan kan ju kó máa wọ̀nà fún ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

Department of Labor, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ti sọ èyí di ìlànà. Ẹni tí wọ́n ní kó wà nínú ọgbà iṣẹ́, tàbí kó wà nítòsí débi tí kò fi lè fi àkókò rẹ̀ ṣe tara rẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe, kódà bó bá ń hanrun. Ẹni tí wọ́n kàn ní kó jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti lè rí i, kò sí lẹ́nu iṣẹ́ títí fóònù á fi dún.

Ibí yìí lomi ti pọ̀ ju ọkà lọ fún ẹni tó ń gbé ilé ara rẹ̀. Ní 1991, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wà fún Texas, Louisiana àti Mississippi dá ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé ìwòsàn kan ní Houston. Ayé bíípà, ẹ̀rọ kékeré tó ń dún bí wọ́n bá ń wá èèyàn, ni ìgbà yẹn. Nǹkan bí oṣù 11 ló fi gbé bíípà kọ́ra, lọ́jọ́ gbogbo, láìsí ẹni tó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ mutí yó, ó sì gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Ilé ẹjọ́ gbà pé ipò náà kò wu èèyàn, pé bóyá ó tilẹ̀ fẹ́ ni èèyàn lára, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó ti lè wà nílé, kó wo tẹlifíṣọ̀n, kó lọ sọ́jà, kó jẹun níta, àkókò ara rẹ̀ ni. Kò rí kọ́bọ̀ gbà fún ìdúródè. Lọ́dún yẹn náà, àwọn panápaná ìlú Emporia ní Kansas borí nílé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tiwọn. Àwọn náà gbọ́dọ̀ dé láàárín 20 ìṣẹ́jú. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ń pe àwọn ní ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín wákàtí 24. Ẹni tí wọ́n ń pè tó bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ìkòkò kaná kó jinná.

Nítorí náà, èrò tèmi rèé, bí kò tilẹ̀ ní dùn mọ́ àwọn kan: ẹni tó ń gbé ilé ara rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tó lè bá ẹlòmíràn pààrọ̀ ọ̀sẹ̀, kó má fi agbára rẹ̀ ṣòfò lórí owó ìdúródè. Wọn ò ní dá a láre. Bí ọ̀rọ̀ bá yàtọ̀, tí wọ́n ní kó má kúrò nínú ọgbà láti ìrọ̀lẹ́ Ẹtì di àárọ̀ Ajé, tàbí tí ìpè fi ń tẹ̀ léra wọn tí kò rí oorun sùn, ìgbà yẹn ló yẹ kó wá lọ́yà. Èyí tó kù, owó tó dájú wà níbòmíràn.

Àwọn tó ń gbé inú ọgbà iṣẹ́ tún ní tiwọn lọ́tọ̀. Ní California, ilé ayálégbé tó bá pé 16 gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń bójú tó o tó ń gbé ibẹ̀. Ní New York City, ilé tó bá pé 9 gbọ́dọ̀ ní olùtọ́jú. Ní Texas, ẹ̀dínwó owó ilé ni wọ́n sábà fi ń fa ojú òṣìṣẹ́ mọ́ra. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ kò ka gbogbo wákàtí tí ẹni bẹ́ẹ̀ lò nínú ilé rẹ̀ sí iṣẹ́. Ó fàyè gba òun àti agbanisíṣẹ́ láti ṣe àdéhùn tó bọ́gbọ́n mu lórí iye wákàtí tí wọn ó máa kà. Ẹ fojú sí ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó náà dáadáa. Bí wọ́n bá ka ilé mọ́ owó iṣẹ́, iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú owó wákàtí tí wọn ó fi ṣírò ófátáìmù. Wọn kò lè sọ lọ́wọ́ kan pé ilé jẹ́ ara owó rẹ, kí wọ́n tún fi ọwọ́ kejì yọ ọ́ kúrò.

Owó tó dájú tí mò ń sọ náà ni ti iṣẹ́ tí o ṣe gan-an. Ká fojú wo òru kan. Fóònù dún ní aago 1:50. Ìṣẹ́jú 15 lo fi ń ṣàlàyé fún ayálégbé ibi tí wọ́n ti ń ti omi pa lábẹ́ síńkì. Kò rí i. O gbéra. O dé ibẹ̀, o ti omi gbogbo ilé pa, o ṣí ẹ̀yìn ògiri, o pààrọ̀ páìpù tó là, o fi ẹ̀rọ fa omi kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì, o gbé fáànù méjì sílẹ̀ kó máa gbẹ, o ya fọ́tò fún mánéjà. O délé ní 4:30, o wá jókòó kọ iṣẹ́ náà sínú tábúlẹ́ẹ̀tì kí wọ́n má bàa pariwo láàárọ̀. Nínú ìwé owó, wákàtí kan ni wọ́n kọ: ìgbà tí o fi tún páìpù ṣe. Ọ̀rọ̀ orí fóònù yẹn, iṣẹ́ ni. Fífa omi àti kíkọ ìròyìn, iṣẹ́ ni. Ìṣẹ́jú kan méjì tí kò ṣeé kà ni òfin lè gbójú fò, kì í ṣe ìṣẹ́jú 15.

Ti ojú ọ̀nà ló díjú díẹ̀. Bí iléeṣẹ́ bá pè ọ́ kúrò nílé lóru láti lọ tún nǹkan ṣe fún oníbàárà wọn níbi tó jìnnà, ìrìn náà jẹ́ wákàtí iṣẹ́. Bó bá jẹ́ ọgbà tí o ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ni wọ́n pè ọ́ sí, Department of Labor sọ ọ́ nínú ìwé ìlànà rẹ̀ pé òun kò gbé sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ohun tí iléeṣẹ́ kọ sínú ìwé òfin tirẹ̀ ni kí o wò níbẹ̀. Àwọn kan ń san án, àwọn kan ò san án.

Ó wá ku ìṣirò, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ owó on-call ti padà wá. Ká ní 20 dọ́là ni owó wákàtí ẹnì kan. Ó ṣiṣẹ́ 40 wákàtí lọ́sàn-án, ó fi 10 wákàtí jẹ́ ìpè lóru, wọ́n sì fún un ní 100 dọ́là on-call. Mánéjà tó gbà pé owó on-call ti tán gbogbo rẹ̀ á san 800 pẹ̀lú 100: 900 dọ́là. Mánéjà tó mọ̀ díẹ̀ á fi 30 dọ́là ṣírò wákàtí 10 náà, á fi kún un: 1,200. Ẹni yìí náà ò tíì pé. Ìlànà ní owó on-call jẹ́ ara owó iṣẹ́, kódà bí ìdúródè kò bá jẹ́ wákàtí iṣẹ́. Wàá fi 20 lọ́nà 50, ìyẹn 1,000, kún 100 on-call, 1,100. Pín in sí wákàtí 50: 22 dọ́là ni owó wákàtí rẹ̀ gan-an lọ́sẹ̀ yẹn. Ìdajì rẹ̀, 11 dọ́là, lọ́nà wákàtí 10 jẹ́ 110. Àpapọ̀ owó rẹ̀ jẹ́ 1,210 dọ́là. 10 dọ́là tó ku síbẹ̀ lè dà bí owó yẹpẹrẹ lójú ẹnì kan. Ní iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún, kì í ṣe owó yẹpẹrẹ mọ́. Ti ẹni tí wọ́n fún ní 900 ni kí ẹ wò: 310 dọ́là ló fò lọ lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo.

Àwáwí tí wọ́n ń ṣe kò ju bíi mélòó kan lọ. Wọ́n á ní owó oṣù ni o ń gbà, o kì í ṣe oníwákàtí. Irú owó tí èèyàn ń gbà nìkan kò yọ ọ́ kúrò. Ìlànà dárúkọ púlọ́ḿbà, oníná àti mẹkáníìkì ní tààràtà pé ófátáìmù tọ́ sí wọn, iye yòówù kí wọ́n máa gbà. Wọ́n á ní ìwọ ò gba àṣẹ kí o tó ṣiṣẹ́ kọjá àkókò. Bí ọ̀gá bá mọ̀ pé o ń ṣe é, tó sì jẹ́ kí o ṣe é, owó náà ti tọ́ sí ọ. Ojúṣe tirẹ̀ ni láti dá ọ dúró. Wọ́n á ní kí o má wá títí di ọ̀sán ọ̀la. Ìyẹn tọ̀nà bó bá jẹ́ inú ọ̀sẹ̀ kan náà ni, tí wákàtí rẹ kò sì kọjá 40. Kí wọ́n gbé e dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tàbí kí wọ́n pa ọ̀sẹ̀ méjì pọ̀ pé 80 ni ààlà, kò sí àyè fún iléeṣẹ́ aládàáni láti ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń fún òṣìṣẹ́ ní fọ́ọ̀mù 1099 bí ẹni pé agbaṣẹ́ṣe ni, nígbà tó jẹ́ pé aṣọ iléeṣẹ́ ló wọ̀, irinṣẹ́ wọn ló ń lò, mánéjà wọn ló ń sọ aago tó máa dé. Orúkọ tí wọ́n kọ sórí ìwé kò yí irú iṣẹ́ padà.

Mo mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fi í béèrè. Ilé la ti bá a wá. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà dárúkọ wákàtí tó kọjá ti àdéhùn ní ófátáìmù, kò wá sọ iye tí wọn ó san lórí rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́gbà nílé olówó Ìbàdàn ń ṣílẹ̀kùn fún mọ́tò ní aago kan òru, kò sẹ́ni tó ń bá a ka wákàtí. Tí èèyàn bá wá dé Amẹ́ríkà tí wọ́n tún fi 100 dọ́là lé e lọ́wọ́, á fẹ́ máa dúpẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ náà tún gbóná sí i láti July 4, 2025, tí Ààrẹ Donald Trump buwọ́ lu òfin tó yọ apá kan owó ófátáìmù kúrò nínú owó tí wọ́n ń gba owó orí ìjọba àpapọ̀ lé, láti ọdún 2025 sí 2028. Àwọn kan gbọ́ ọ pé kò sí owó orí lórí ófátáìmù mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdajì tó lé lórí owó wákàtí nìkan ni: nínú ìṣirò tí a ṣe lókè yẹn, 110 dọ́là ni, kì í ṣe 330. Kò gbọ́dọ̀ kọjá 12,500 dọ́là lọ́dún fún ẹnì kan, tàbí 25,000 fún tọkọtaya tó jọ kọ fọ́ọ̀mù kan, ó sì ń dín kù fún ẹni tí owó rẹ̀ bá ti kọjá 150,000, tàbí 300,000 fún tọkọtaya. Wọ́n ṣì ń yọ ti Social Security (owó ìfẹ̀yìntì) àti Medicare (ètò ìlera àwọn àgbàlagbà). Ófátáìmù tí òfin 1938 yẹn sọ di dandan nìkan ló wọ inú rẹ̀, nítorí náà 100 dọ́là on-call kò sí níbẹ̀. Iléeṣẹ́ tó bá kó owó iṣẹ́ òru pọ̀ mọ́ owó on-call ti jẹ òṣìṣẹ́ ní gbèsè lẹ́ẹ̀mejì: ó jẹ ìdajì tó yẹ kó san, ó sì gba ẹ̀dínwó owó orí tó yẹ kó tẹ̀ lé e lọ́wọ́ rẹ̀.

Kíkọ wákàtí sílẹ̀, ojúṣe agbanisíṣẹ́ ni. Bí kò bá kọ ọ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti sọ ọ́ láti 1946, nínú ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ amọ̀kòkò kan ní Mount Clemens, Michigan, pé kò yẹ kí òṣìṣẹ́ jìyà àìkọ̀wé ọ̀gá rẹ̀. Bó bá ti lè mú ẹ̀rí tó bọ́gbọ́n mu wá, ọ̀gá ni yóò wá sọ ohun tó mọ̀. Ẹ̀rí náà sì wà lọ́wọ́ ẹni lónìí ju ti ayé bíípà lọ. Àkójọ ìpè inú fóònù ń fi ìṣẹ́jú tí wọ́n pè hàn. Fọ́tò tí o ya fún mánéjà ní ọjọ́ àti aago lára. Ẹ máa kó wọn pamọ́ sórí fóònù tiyín, kì í ṣe sórí ti iléeṣẹ́, nítorí ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ ni wọ́n máa gba tiwọn.

Wage and Hour Division ti Department of Labor ló ń gbọ́ ẹjọ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́, lórí 1-866-487-9243. Wọn kì í béèrè ìwé ìgbélùú, òfin náà sì fi dandan lé e pé kí ọ̀gá má lé ẹni tó bá fẹjọ́ sùn. Ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n lè bá ọ gbà padà, mẹ́ta bí wọ́n bá fi hàn pé ọ̀gá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ilé ẹjọ́ sì lè sọ iye náà di ìlọ́po méjì. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń kọjá ń gé ọ̀sẹ̀ kan kúrò lẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà Texas Workforce Commission, àjọ ìpínlẹ̀ Texas tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ọjọ́ 180 péré ló ní, láti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n ti san owó náà.